Ẹ̀bẹ̀ Tí Mojí Ò Rán Mi

Ẹ̀yin ará Ìkìrun, láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé, "Tíṣà, báwo ni Àtìláńtà?" tí mo sì ń dá yín lóhùn pé dáadáa ni. Irọ́ ni mo ń pa fún yín. Mo bínú lọ́hùn-ún, mo bínú wálé, inú tó ń bí mi náà ni mo fi ń kọ èyí. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé sùúrù ni baba ìwà. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yín ní lítíréṣọ̀. Mo mọ òwe náà kí wọ́n tó bí ẹlòmíì nínú yín.

Fọlákẹ́ ọmọ mi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀, ló ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá sinmi. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Texas, oṣù oṣù ló ń wálé, ó ní ilé dá. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, mo ní ìsinmi tọ́ sí mi. Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n pè mí fún. Wọ́n fẹ́ kí n wá fi ewú orí mi tẹ orí ọmọ ọmọ mi ba ni. Ẹ rántí ọmọ náà. Mojísọ́lá ni, ẹni tó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, tó ń fi èdè òyìnbó bá ewúrẹ́ Ìyá Ṣadé sọ̀rọ̀.

Ìkúnlẹ̀ Fọlákẹ́

Ìlú ńlá kan ni pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kékeré ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ inú rẹ̀, ohùn obìnrin tí a ò rí sì ń pàṣẹ fún èèyàn pé kó di nǹkan mú. Mo di nǹkan mú. Mi ò mọ ẹni tí mò ń bẹ̀rù.

Bí mo ṣe jáde ni mo rí Fọlákẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni a ti fojú kanra gbẹ̀yìn. Ó ju báàgì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ dídán yẹn. "Bàbá mi, ẹ káàbọ̀ o, ẹ kú ewu." Kí n tó na ọwọ́ láti gbé e dìde, obìnrin òyìnbó kan ti sáré dé pẹ̀lú ìgò omi. Ó gbá a mú ní apá, ó ń bi í bóyá òòyì ló kọ́ ọ, bóyá kí òun pe dókítà. Fọlákẹ́ ní rárá o, bàbá òun ni òun ń kí. Obìnrin náà wá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ẹni tó ń na ọmọ. Ó tún bi Fọlákẹ́ pé ṣé ó dá a lójú pé kò sí wàhálà.

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ìkúnlẹ̀ tó mú orí mi wú, àìsàn ni lójú tirẹ̀! Ká ní mo gbọ́n ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti kọ́gbọ́n.

Mojí dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún, ó ga jù mí lọ. Òun náà kúnlẹ̀, orúnkún kan ló kan ilẹ̀. "Grandpa Ìkìrun, ẹ káàbọ̀, sà." Ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, gbogbo òkè àti ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ ti fò lọ. Ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún. Mo rò pé ayọ̀ ni.

Ògì oníbọ́tà

Stone Mountain ni wọ́n ń gbé. Ilé wọn dára, ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́. Koríko iwájú ilé tẹ́ bí ẹní. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Mo rìn dé ìkóríta lọ́jọ́ kejì, mọ́tò mẹ́ta ló dúró láti bi mí bóyá mo sọnù ni. Ọkùnrin dúdú tó ń gbé ní òdìkejì máa ń ké sí mi pé báwo ni nǹkan. Kí n tó sọ pé a dúpẹ́, ara ń le díẹ̀díẹ̀, orúnkún ló kù, ó ti wọlé, ó ti pa ilẹ̀kùn dé. Báwo ni wàá ṣe bi èèyàn ní ìbéèrè tí o ò ní dúró gbọ́ ìdáhùn? Ó dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Mo sọ fún Fọlákẹ́ pé ìwà òmùgọ̀ ni. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ń bi mí nípa oúnjẹ. Fọlákẹ́ ń sebẹ̀, ọbẹ̀ rẹ̀ sì dùn, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun inú páálí ni wọ́n ń rò tí wọ́n ń pè ní iyán. Ìyàwó ọkùnrin òdìkejì yẹn ló wá ṣe mí lóore. Ó gbé abọ́ kan wá, ó ní oúnjẹ ìbílẹ̀ àwọn ni, grits. Mo tọ́ ọ wò. Háà! Ògì ni! Ògì àgbàdo funfun tí kò kan lẹ́nu rárá, wọ́n wá da bọ́tà, wàràkàṣì àti edé sí i. Mo sọ fún un pé nílé wa, ẹni tí ara rẹ̀ ò yá là ń fún ní èyí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá ìyá òun ń ṣe fún òun. Òun nìkan ni àjèjì tó jókòó tì mí tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán ní gbogbo ìrìn-àjò yẹn.

Lọ́jọ́ kẹrin, Fọlákẹ́ dé láti ibi iṣẹ́, kò bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bá Mojí sọ̀rọ̀. Ẹnu yín nìkan ló máa gbọ́."

"Kí ló ṣe? Ṣé ó lóyún ni?"

"Ì bá jẹ́ oyún, ì bá sàn, Bàbá."

Ó wá ṣàlàyé. Mojí ń parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, lítíréṣọ̀ ló ń kà bíi tèmi. Wọ́n ní kí ó kọ ìwé gígùn kan kó tó gboyè. Ohun tó mú ni àwọn ìtàn tí àwọn òyìnbó kọ láyé Ọbabìnrin Fikitóríà, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí hú ìkarawun òkun jáde nínú òkúta orí òkè, tí wọ́n ní ayé ti pẹ́ ju bí oníwàásù ṣe ń kà á lọ, tí wọ́n tún ní ènìyàn àti ẹranko jọ tan. Nínú àwọn ìtàn yẹn, àlùfáà á máa wàásù ní ọjọ́ Àìkú, ọkàn rẹ̀ á máa ṣiyèméjì ní ọjọ́ Ajé. Mojí ka díẹ̀ nínú ohun tó kọ fún àwọn ọ̀dọ́ ní ìpàdé Bíbélì. Ẹnìkan gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, ó gbé e lọ fún pásítọ̀.

"Pásítọ̀ ti gba kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké lọ́wọ́ rẹ̀," ni Fọlákẹ́ wí. "Wọ́n ní lọ́jọ́ ìdúpẹ́ àwọn tó gboyè, kó jáde síwájú ìjọ, kó sọ pé òun ronú pìwà dà. Bí kò bá ṣe é, Bàbá, ó máa kó jáde nílé mi. Mo ti sọ fún un."

"Ìwọ lo fẹ́ lé ọmọ rẹ jáde? Nítorí ìwé?"

"Nítorí Ọlọ́run, Bàbá."

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú bí mi dé ìdí ọkàn. Aṣọ nọ́ọ̀sì ló wà lọ́rùn rẹ̀ tó ń sọ ọ́ o! Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ ló fi gbọ́ bí ọkàn àwọn aláìsàn ṣe ń lù. Sáyẹ́ǹsì ló ń bọ́ ilé yẹn, òun ló kọ́ ọ, òun ló ra koríko tó tẹ́ bí ẹní níwájú rẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní kí n má bínú, sáyẹ́ǹsì ibi iṣẹ́ yàtọ̀ sí sáyẹ́ǹsì àìgbàgbọ́. Mo ní ta ló kọ́ ẹ ní ìyẹn? Ó ní pásítọ̀ ni. Ṣíọ̀!

Síbẹ̀, mo ní mo gbọ́, màá bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Àwọn tó mọ̀ mí níbí mọ̀ pé baba ìjọ ni mo jẹ́. Mi ò fẹ́ kí àìgbàgbọ́ wọ ìdílé mi.

Lórí òkúta

Mojí fi mọ́tò gbé mi lọ síbi òkúta tó fún àdúgbò wọn lórúkọ. Òkúta kan ṣoṣo ni, ó tóbi débi pé èèyàn á rìn títí kó tó dé orí rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n gbẹ́ àwòrán àwọn aṣáájú mẹ́ta lórí ẹṣin, àwọn tó jagun kí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lọ lè máa ṣe ẹrú lọ. Wọ́n gbẹ́ ẹ ràgàjì. Mi ò gbọ́ pé pásítọ̀ kankan ní kí ẹnikẹ́ni wá ronú pìwà dà lórí ìyẹn.

A ń sinmi, a ń gòkè. Àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ ń kí wa, wọ́n ń yin orúnkún mi. Nígbà tí a dé òkè, a jókòó, mo mí kanlẹ̀, mo bi í.

"Mojí, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé o ṣì gba Ọlọ́run gbọ́?"

"Grandpa, mo ń gbàdúrà. Every morning. Mo kàn ní ìbéèrè ni." Ó ń fi ìka họ òkúta. "Àwọn èèyàn inú ìwé yẹn náà ní ìbéèrè, wọn ò rí ẹni bi. Àlùfáà ń bẹ̀rù bíṣọ́ọ̀bù, ìyàwó àlùfáà ń bẹ̀rù neighbour, gbogbo wọn ṣì ń kọrin ní Sunday. Ṣé kò jọ wá?"

"Níbo lo ti kọ́kọ́ rí irú ìwé bẹ́ẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni pé mò ń ṣe àwàdà. "Nílé yín, sà."

Mo mọ ìwé tó ń sọ kó tó ṣàpèjúwe rẹ̀. Ìwé àtijọ́ kan ni, èèpo rẹ̀ ti já dànù kó tó dé ọwọ́ mi, mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ìtàn àlùfáà kan tó ń gbé létí òkun ni. Ojú-ìwé mẹ́rìnlá wà láàárín rẹ̀ tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni.

"Ooru kẹ́tùlù ni mo fi ṣí i," ni Mojí wí. "One page, one page. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà. Mo tiẹ̀ kọ nǹkan fún yín síbẹ̀. Ẹ ò rí i?"

"Mi ò ṣí ìwé yẹn mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti lẹ̀ ẹ́."

"Oh. Kí ló dé tí ẹ fi lẹ̀ ẹ́?"

"Ọ̀gá ilé-ìwé wa ló pàṣẹ. Àlùfáà ni. Kò fẹ́ kí àwọn ọmọ ṣìnà."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kà á kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́?"

"Oòrùn ti ń mú," ni mo dá a lóhùn. "Jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀."

Inú ń bí mi bí a ṣe ń sọ̀. Mo ní nínú ara mi pé ọmọ yìí fi kẹ́tùlù mi ṣe iṣẹ́ olè nínú ilé mi. Mo ń wá ohun tí màá fi bá a wí, mi ò rí i. Nígbà tí a dé ìdí mọ́tò, ó di ọwọ́ mi mú.

"Grandpa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fipá mú mi sọ nǹkan tí kò sí lọ́kàn mi. Wọ́n máa gbọ́ tiyín. Ẹ ṣèlérí fún mi."

Mo ṣèlérí. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọin-gbọin.

Níwájú ìjọ

Ibi tí wọ́n ti ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú rẹ̀, àfi bíi pé èèyàn wà nílé. Wọ́n ń kí mi ní "Daddy, ẹ káàbọ̀ sà," wọ́n fún mi ní àga iwájú. Pásítọ̀ wọn lé díẹ̀ lọ́mọ ogójì ọdún, ìlú tó bí i kò sì jìnnà sí tiwa. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Kì í ṣe òyìnbó. Abiyamọ tó mọ àṣà ló tọ́ ọ.

Wọ́n pe àwọn tó gboyè lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdílé kọ̀ọ̀kan ń jó síwájú. Wọn ò pe Mojí. Ìgbà tí gbogbo wọn jókòó tán ni pásítọ̀ wá pè é, òun nìkan.

"Arábìnrin Mojísọ́lá, sọ fún ìjọ Ọlọ́run pé o ti ronú pìwà dà lórí ìwé yẹn."

Mojí jáde. Ó dúró ṣánṣán. "Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀, sà. Irọ́ ló máa jẹ́."

Ariwo sọ. Fọlákẹ́ ká ọwọ́ lérí. Pásítọ̀ bi í lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ohun kan náà. Ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn ọmọ kéékèèké tó ń kọ́ tẹ́lẹ̀ jókòó sílẹ̀ níwájú, ọ̀kan nínú wọn ń juwọ́ sí i. Mo rí i tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mojí ń gbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ ru sí mi lójú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo dìde.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tó wà lọ́kàn mi, torí ẹ̀yin ni yóò yé. Nílé wa, bí àgbà bá bẹ̀bẹ̀ nítorí ọmọ, ọ̀rọ̀ parí. Kò sí ẹni tó ń bi í mọ́ pé ọmọ náà jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi. Bí àgbà náà bá wá lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó lè bí lọ́mọ, ẹ̀bẹ̀ kọ́ nìyẹn mọ́, ìjà ni. Ẹ rántí Bàbá Adéoyè, tó dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ lé opó kúrò nílé ládùúgbò wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn figbe ta, ó na ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja, ó ń bẹ Bàbá pé kí wọ́n má pa òun. Opó náà wà nínú ilé yẹn títí dòní. Ohun tí mo fẹ́ ṣe fún pásítọ̀ yẹn nìyẹn. Mo fẹ́ kó sáré, kó gbé mi dìde, kí ojú tì í títí ayé.

Mo bọ́ fìlà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Orúnkún mi ké.

"Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì í. Ọmọdé ni. Èmi bàbá rẹ̀ ni mò ń bẹ̀ yín."

Mo ń retí ìró bàtà rẹ̀ tó ń sáré bọ̀. Àtẹ́wọ́ ni mo gbọ́.

"Halelúyà! Ẹ rí ìrẹ̀lẹ̀ àgbà!" Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ sórí mi níbi tí mo nà sí. Ọwọ́ rẹ̀, lórí ewú mi! Ó ní Daddy ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà lórúkọ ìdílé, Ọlọ́run ti dárí ji arábìnrin wa, kí wọ́n dá kíláàsì rẹ̀ padà fún un. Orin sọ. Gbogbo ìjọ dìde, wọ́n ń jó lórí mi.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn. Mojí ti ń gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Nínú mọ́tò

Mo bá a nínú mọ́tò rẹ̀. Kò sunkún, kò pariwo. Mo wọlé, mo jókòó tì í.

"Grandpa, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Nílé wa, bí àgbà bá..."

"Ta ló rán yín? Ṣé mo rán yín? Ẹ ti sọ fún gbogbo wọn pé mo jẹ̀bi. In front of my kids. Pásítọ̀ ò rí mi mú. Mọ́mì ò rí mi mú. Ẹ̀yin ló mú mi fún wọn."

"Mojí, ìjà ni mo fi ń jà fún ẹ."

"Ẹ tún ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mí, Grandpa. Bí ẹ ṣe lẹ̀ ìwé yẹn."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló kó aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Stockbridge. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ló tún dé, ṣebí wọ́n ti dárí jì í? Mojí dágbére fún mi, ó ní ó dàbọ̀, sà, bí ìgbà tí èèyàn ń dágbére fún àjèjì.

Ìrésà

Ọ̀sẹ̀ méjì tó kù, ẹ má bi mí bí mo ṣe lò ó. Mo bínú sí pásítọ̀. Mo bínú sí Fọlákẹ́, tó kọ́kọ́ ń kọrin ọpẹ́ káàkiri ilé, tó wá dákẹ́ nígbà tó pe fóònù ọmọ rẹ̀ títí tí kò gbé e. Mo bínú sí ògì oníbọ́tà. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo bínú sí jù, inú dígí ilé ìwẹ̀ ni mo ti ń rí i láràárọ̀.

Ó di ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn. Ẹ mọ̀ pé bí àgbà tó wá láti ilé bá fẹ́ padà, wọn ò ní ṣàì fún un ní máìkì kó súre fún ìjọ. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé e lé mi lọ́wọ́, tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ẹ̀yin ará," ni mo wí, "òyìnbó tó ṣe pẹ́ńsùlù náà ló ṣe ìrésà. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn mo dọ̀bálẹ̀ níbí. Mo wá gba ìdọ̀bálẹ̀ mi padà."

Mo gbé máìkì súnmọ́ ẹnu.

"Ọmọ mi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ló bi yín. Kò rán mi ní ẹ̀bẹ̀, èmi ni mo gbéra. Pásítọ̀, mo fi ewú mi lélẹ̀ fún ẹ kí ojú lè tì ẹ́. Ojú ò tì ẹ́. Ta ló tọ́ ẹ? Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bẹ òun nítorí ìbéèrè, kó kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè ná!"

Pásítọ̀ ṣẹ́jú sí àwọn tó ń lu ohun èlò, wọ́n kọrin sókè. Máìkì kú lọ́wọ́ mi. Ta ni wọ́n rò pé àwọn ń bá jà? Ohùn tí mo fi kọ́ ọgọ́ta ọmọ nínú kíláàsì tí kò ní àjà ni mo gbé jáde. Mo sọ ọ́ tán. Ẹnìkan ń pòṣé. Obìnrin kan ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, sà." Arúgbó kan lẹ́yìn rẹ́rìn-ín kèékèé. Fọlákẹ́ wá fa apá mi jáde.

Ó ń fi mọ́tò gbé mi lọ sílé. Nígbà tí iná pupa dá wa dúró, ó ní, "Bàbá, ẹ dójú tì mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo dójú tì ẹ́. Ó yá, lọ bẹ ọmọ rẹ."

Títí mo fi ń kọ èyí, mi ò tíì gbọ́ pé ó lọ.

Ìlà kan

Mojí wá sí pápákọ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ dúró bí ẹni tí kò mọra rí. Ó bọ̀ wá síwájú mi, ó fẹ́ kúnlẹ̀, mo di apá rẹ̀ mú. Mo ní kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ fún mi lọ́jọ́ náà. Ó tún fìlà mi ṣe kó tó sọ̀rọ̀.

"Wọ́n fi fídíò ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ránṣẹ́ sí mi."

"Mojí, dárí jì mí."

"Ẹ lọ ka ohun tí mo kọ síbẹ̀," ló wí.

Ẹ̀yin tí ẹ wá kí mi káàbọ̀ lọ́jọ́ tí mo dé, tí mo ní kí ẹ lọ ná, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fa ìwé náà jáde nínú eruku. Etí ojú-ìwé mẹ́rìnlá yẹn ti wú, wọ́n ká kò níbi tí ooru ti kàn wọ́n. Mo ṣí wọn títí mo fi dé ibi tí àlùfáà inú ìtàn náà ti dúró nídìí sàréè ọmọ kékeré kan, tó ṣí ìwé àdúrà, tí kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ fún Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán. Irọ́ ni mo pa fún Mojí lórí òkúta. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ò pàṣẹ nǹkan kan. Kò fojú kan ìwé náà rí. Ọdún tí ibà pa Bánkọ́lé, àkọ́bí mi, lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ni ìwé yẹn bọ́ sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo rí ọkàn ara mi nínú rẹ̀, mo sì jẹ́ ẹni tó ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lọ ra gọ́ọ̀mù.

Létí ojú-ìwé náà, ọmọ ọdún mọ́kànlá fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ gbàgàdà gbàgàdà, kò sí àmì kan lórí rẹ̀: "Grandpa, se e ka ibi yi? Se eru ba yin?" Ó wá fi rúlà fa ìlà kan sábẹ́ rẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ nígbà ọlidé yẹn pé kó máa fàlà sílẹ̀ fún ìdáhùn. Ọdún mọ́kànlá ni ìlà náà fi wà lófìfo.

Bírò ni mo mú, kí ìrésà má baà rí i pa rẹ́. Mo kọ ọ́ sórí ìlà náà: "Mo kà á, Mojí. Ẹ̀rù bà mí."